Igi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tí Wọ́n Ní Kò Lè So

                                        Yàrá òkè, ojú fèrèsé,
                                        Ilé ọmọ mi.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Tèmi le koko. Mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn ilé yìí láì di nǹkan kan mú, tí àwọn ọmọdé ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi.

O rántí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo gbìn sínú garawa ọ̀dà lójú fèrèsé yàrá mi. Lọ́dún tó kọjá ó tanná, gbogbo òdòdó rẹ̀ já dànù, kò so ẹyọ kan. Ni ọmọ mi, ọ̀gá olùkọ́, bá ní igi inú ilé kì í so, ó wà nínú ìwé. Ó ní tí kò bá so lọ́dún yìí, òun á gbé e jù síta, òun á fi tábìlì òun síbẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé ilé tí mo kùn ni mo fi rán an níléèwé. Ó láṣọ bí àgbà lóòótọ́, àkísà ńkọ́?

Nígbà tí igi náà tún tanná lọ́dún yìí, ọ̀gá olùkọ́ ní òun á ràn án lọ́wọ́: ó gbé iná kan wá tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, ó ń bu ajílẹ̀ sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tún wá burú jù ú lọ. Láràárọ̀ ni yóò mú aṣọ tútù, yóò máa nu lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kúrò.

Mo ní, “Ìyàwó, èso lò ń nù dànù yẹn.”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìdọ̀tí ni.”

Gbogbo ìwé tí wọ́n kà, wọn ò mọ̀ pé oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú yẹn láti òdòdó dé òdòdó níta, oyin kan ò sì lè gba inú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé wọn wọlé. Èmi tí mi ò kà ju ìwé kejì lọ, mo jókòó wò ó títí, ó yé mi. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ aláṣọ tútù. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì mi tó kéré jù, èyí tí mo fi ń kun etí fèrèsé, mo ń fi kan òdòdó kan, mo ń fi kan èkejì, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọwọ́ tó kun ilé alájà mẹ́rin ò gbọ̀n.

Mọ́kànlá ló so. Mẹ́rin já bọ́. Igi mọ agbára ara rẹ̀. Méje yòókù ti tó ẹyin àdàbà.

Ni ọ̀gá olùkọ́ bá ń kó àlejò wọ yàrá mi, “Ẹ wá wo igi ọsàn wa.” Wa kẹ̀? Nígbà tó fẹ́ jù ú síta, tèmi ni. Lánàá ó mú bírò àti ìwé dání, ó ní, “Bàbá, kí ni wọ́n ń pe ohun tí ẹ ṣe yìí?” Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà: iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Kí orúnkún náà tètè san.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọ̀dà-Ò-Kán.