Ìwé Ẹ̀rí Kàfáyá Wà ní Pálọ̀ Àmọ̀dá

Ilé Jìbírílù,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Alápòtì.

Kàfáyá ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Kí o tó ka lẹ́tà yìí, jọ̀wọ́ wá ibi jókòó sí, kí o sì jẹ́ kí ẹnì kan wà nítòsí rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo. Aago ara ògiri wa ti dákẹ́. Ọ̀sán Sátidé ló dákẹ́, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì dá wa lójú, torí ibẹ̀ náà ló ṣì wà títí di òní. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rí i. Kò sunkún, ṣùgbọ́n kò tíì lè jẹun dáadáa, ó ní òun ò mọ ìgbà tó yẹ kí ebi pa òun mọ́. Àwọn ará àdúgbò ti wá bá wa kẹ́dùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àlàáfíà la wà, alihamudulilahi. Mo gbà á ládùúrà pé kí òjò má tún wọ yàrá rẹ ní Sango, kí Ọlọ́run sì máa ṣọ́ ọ lójú títì níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo ní tí kò bá jẹun, ṣé á lágbára láti ka lẹ́tà? Ó ní kí n ṣáà béèrè. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, fóònù mi sì kéré. Tahir tó ń wa kórópe ni yóò gbé lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ lọ kọ́ yìí. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ó dàrú mọ́ mi lójú. O ka kẹ́mísìrì jáde ní yunifásítì, a dúpẹ́. O ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Sango, a tún dúpẹ́. Ni ọ̀gá yín bá wá fáìlì kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ sì rí i kó tó mu tíì rẹ̀ tán, lo bá wá sọ fún wa pé o ti rí iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá ọ fún, pé o fẹ́ padà sí yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé fún ọdún kan àbọ̀. Mi ò bínú o. Ohun tí kò yé mi ni pé, ohun tó o ti mọ̀ ọ́n ṣe kó o tó lọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kọ́ ọ? Àmọ̀dá aránṣọ ní òun gbọ́ pé ní ilé ìkàwé, wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìyá rẹ ní ṣé Kàfáyá tó ń bá adìẹ jiyàn ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ní ọdún kan àbọ̀ kò lè tó.

Ṣùgbọ́n bàbá tó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe. O rántí àlàyé tó o ṣe fún mi nígbà Iléyá. O ní ìwé tó bá jókòó sójú kan, òkú ìwé ni. O ní iṣẹ́ yín ni kí ìwé dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀, kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì dá a padà. Mo wo àpótí abẹ́ ibùsùn wa, mo rí i pé òkú ìwé ló kún ibẹ̀. Ni mo bá ṣí ilé ìkàwé.

Mo gbé bẹ́ǹṣì kan síta, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo fàlà sí i. Àl-Kùránì nìkan ni mi ò gbé síta. Ògúndèjì ló kọ́kọ́ wá, ó yá ìwé owó iná wa. Kò tó wákàtí kan tó fi dá a padà, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ba òun lẹ́rù. Ẹfúnróyè, aládùúgbò wa, yá káàdì ọsibítù ìyá rẹ. Nọ́ọ̀sì wo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ga rárá. Inú Ẹfúnróyè dùn gan-an, ó ti padà sídìí iyọ̀.

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ, èyí tó o gbé wá pa mọ́ sílé nítorí òjò, Àmọ̀dá ló yá a. Jọ̀wọ́ má pariwo, ilé ìkàwé la wà.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ọláńrewájú ọmọ Àmọ̀dá fẹ́ gbé Naimat níyàwó, àwọn òbí ọmọbìnrin náà sì ránṣẹ́ láti Ọ̀tà pé àwọn ò fọmọ fún ilé tí kò sí ìwé. Àmọ̀dá bá fi ìwé ẹ̀rí rẹ kọ́ sí pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n dé, wọ́n béèrè bóyá ìwé wà nílé yìí, ó nawọ́ sí ògiri. Kò purọ́. Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ ọn, ó kà á, ó ní ṣé Kàfáyá kì í ṣe orúkọ obìnrin ni? Àmọ̀dá ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná. Wọ́n jẹun, wọ́n gbà, wọ́n ní àwọn á tún fẹ́ rí ìwé náà lọ́jọ́ yìgì.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó o rán dé, pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ lo gbọ́dọ̀ fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí han yunifásítì, pé wọn ò gba àdàkọ, àti pé bí o kò bá mú un dé, àyè rẹ di ti ẹlòmíì. Mo sáré lọ bá Àmọ̀dá. Ó ní òun ò bá mi jà, kí n ṣáà wo ìwé tí mo fàlà sí. Mo wò ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọjọ́ náà, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ tó pé. Ó ní ṣé báyìí ni ọmọ mi á máa já ìwé gbà lọ́wọ́ òǹkàwé tó bá dẹ́nu iṣẹ́? Ojú tì mí. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo orúkọ rẹ lókè tẹlifíṣọ̀n. Ó wuyì níbẹ̀, Kàfáyá. Abẹ́ ibùsùn ni àwa fi sí látọjọ́ yìí.

Ìyá rẹ ní, Jìbírílù, ṣé kí ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yìí wá pàdánù rẹ̀ torí pé bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é ni? Bí mo bá gba ìwé náà, mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Bí mi ò bá gbà á, o ò ní rí iṣẹ́ ọ̀hún kọ́.

Mo tọ Adérógbà lọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ilé ìkàwé tí kò ní ìgbìmọ̀, ṣọ́ọ̀bù lásán ni. A bá yan ìgbìmọ̀: òun fúnra rẹ̀, Àmọ̀dá, àti Silas tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé irin ní Sango, ẹni tó fẹ́ yá ìwé ẹ̀rí náà lẹ́yìn Àmọ̀dá kó lè fi han lánlọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n ń jókòó ìpàdé níwájú ilé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Fọkàn balẹ̀, aláàánú èèyàn ni wọ́n. Tó bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tahir á gbé ìwé ẹ̀rí rẹ wá bá ọ, mo ti kọ orúkọ rẹ sára àpòòwé.

Jọ̀wọ́ fi òǹtẹ̀ rọ́bà kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú tàdáwà rẹ̀, àti owó díẹ̀ tí mo lè fi ra bẹ́ǹṣì kejì, torí èrò ti pọ̀. Ìwé tí o bá ṣí, Ọlọ́run á fi ṣí ọ̀nà fún ọ. Ohun tí gbogbo ayé bá wá tì, ìwọ lo máa rí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jìbírílù.

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

Ìgbìmọ̀ Ilé Ìkàwé Alápòtì jókòó lónìí, ó sì fẹnu kò pé, nítorí bí àwọn tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí Kàfáyá Jìbírílù ṣe pọ̀ tó, ìwé náà ti di ìwé àkàsíbẹ̀ láti òní lọ. A kì yóò yá a fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó wá jókòó ní pálọ̀ Àmọ̀dá. Bí yunifásítì bá fẹ́ rí i, kí wọ́n rán aṣojú wọn wá kó tó di Jímọ̀, torí a kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí aṣojú náà má sọ̀rọ̀ sókè.

Adérógbà, Alága.
Àmọ̀dá, Akọ̀wé.
Silas, Ọmọ Ìgbìmọ̀.
Jìbírílù, Olùtọ́jú Ìwé (kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò).