Igi Óákù Tó Wọ Táì

Lorelle ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òjò Portland ò tíì wọ̀ ọ́ lára? O kú iṣẹ́, o kú ìdúró nínú ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀, o kú àjò. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Wanda Pruett tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa, nítorí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé yìí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí Wanda tó sọ ọ́ fún ọ bó ṣe wù ú. O mọ páàkì etí odò, níbi tí àwọn igi óákù àtijọ́ wà, tí màmá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń jókòó sí lábẹ́ èyí tó tóbi jù nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Ìgbìmọ̀ páàkì wa gbé pátákó kan síbẹ̀ pé àwọn fẹ́ ṣètò bí páàkì náà yóò ṣe rí títí àwọn ọmọ ọwọ́ òní yóò fi di òbí, pé kí aráàlú wá sọ èrò ọkàn wọn. Nísàlẹ̀ pátákó náà, wọ́n ya nǹkan onígun mẹ́rin kan, dúdú àti funfun wẹ́wẹ́. Mo rò pé àpẹẹrẹ aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń rán ni, mo sì yìn wọ́n gidigidi. Wanda tí a jọ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó na fóònù rẹ̀ sí i, ni ìbéèrè bá ń jáde.

Èyí àkọ́kọ́ ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Mo jẹ́rìí, mo tilẹ̀ sọ orúkọ bàbá mi fún un. Ló bá kó àwòrán òpópónà wá, pé kí n fọwọ́ kan gbogbo ibi tí mo bá ti rí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Lorelle, iná kan ṣoṣo ló wà nílùú wa, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì sí níbẹ̀. Mi ò lè jẹ́rìí sí iná ìlú onílùú. Wanda ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́ jàre, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Bí fóònù ṣe kọ̀ mí nìyẹn, a ò sì dáhùn ìbéèrè kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí ríbọ́nù búlúù lára àwọn igi óákù náà. Àyà mi já. O mọ̀ pé iṣẹ́ gígé igi ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwa nínú igbó, igi tí wọ́n bá ti so ríbọ́nù búlúù mọ́, ó ti di pákó nìyẹn. Mo wo ti màmá rẹ, ó wà lára òun náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú sísọ́ọ̀sì ilé ìdáná, mo gé gbogbo ẹ̀ pátá, mo jó o nínú sítóòfù onígi, mo sì fi iná rẹ̀ dín ẹyin jẹ. Inú mi dùn débi pé mo ń súfèé.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n pèpàdé sílé àwọn panápaná. Delphine ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń ṣètò páàkì náà, kò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní àwọn igi fírì ti ga bo àwọn óákù mọ́lẹ̀, wọn ò rí oòrùn mọ́, wọ́n sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ní Mọ́ńdè, àwọn agégi ń bọ̀ láti òkèèrè wá gé fírì kúrò. Kí ọkàn wa balẹ̀, gbogbo igi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, òun ti so ríbọ́nù búlúù mọ́ ọn. Èyí tí kò bá ti ní, kí wọ́n gé e.

Mo dìde níwájú gbogbo ìlú, mo ní ríbọ́nù rẹ̀ ti di eérú nínú sítóòfù mi. Wanda ní Orval, ṣé orí ẹ pé ṣá, ẹni tó wà lórí omi lo lọ bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kó rì lọ́rùn ẹ̀ yẹn. Ojú tì mí, ọmọ mi. Delphine ò bú mi, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó ní ríbọ́nù ti tán lọ́wọ́ òun, ìsọ̀ tó ń tà á ò ní ṣí ní Sọ́ńdè, àwọn agégi ò sì lè sún iṣẹ́ síwájú, torí àwọn ẹyẹ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Wanda tó bú mi náà ló bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, tó ní ṣé igi mọ̀yàtọ̀ ríbọ́nù àti aṣọ ni.

Bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú kó aṣọ wá sétí odò. Sọ́ọ̀kì, ìdè irun, aṣọ tábìlì pásítọ̀. Wanda mú ṣòkòtò òtútù ọkọ rẹ̀ wá, ọkọ rẹ̀ sì dúró tì í tó ń bínú. Delphine ń tọ́ka, àwa ń so. Èmi ni mo so ti màmá rẹ. Mo bọ́ táì ọrùn mi, mo so ó mọ́ ẹ̀ka tó sún mọ́lẹ̀ jù.

Nígbà tí àwọn agégi dé, ọ̀gá wọn ṣí fìlà, ó wo igi tó wọ sọ́ọ̀kì, ó wo Delphine. Delphine ní èyíkéyìí tó bá ti wọṣọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Síbẹ̀ mo gbé àga mi lọ sídìí óákù màmá rẹ. Ọ̀gá náà ní bàbá, ẹ dìde, mo ti rí táì yín. Mo ní mo gbà á gbọ́, àmọ́ mi ò dìde. Delphine ló wá fà mí lọ́wọ́, ó sì di apá mi mú lọ́ọ̀ọ́kán títí fírì ńlá tó wà lẹ́yìn óákù náà fi wó sí apá odò.

Lorelle, oòrùn dé ìdí igi yẹn. Màmá rẹ máa ń sọ pé òtútù ń mú òun níbẹ̀, èmi a tún fi ìborùn míì bò ó, mo rò pé àìsàn ni. Oòrùn ni kò rí. Mo sunkún, mi ò sì bò ó mọ́ra.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra táì, nítorí mi ò ní gba ti ara igi yẹn padà. Má fi í gba inú fóònù o. Wanda ní owó máa ń gba ibẹ̀ wá, mo gbọn tèmi títí, kò sóhun tó já bọ́. Fi í sínú àpòòwé. Tàbí kí o kúkú mú un wá fúnra rẹ, kí o wá jókòó síbi tí màmá rẹ jókòó sí, ibẹ̀ ti móoru.

Kí Ọlọ́run so ríbọ́nù búlúù mọ́ ọ lára nílùú ńlá yẹn, irú ti Delphine, kì í ṣe irú tèmi àtijọ́. Kí gbogbo ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Orval