Etí Òsì Tómi

Ọjọ́bọ̀

Lónìí ni àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ lọ yẹ etí àwọn ọmọ kíláàsì Tómi wò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Thamesmead ní London níbí, mò ń ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn pè mí. Ó ní etí òsì Tómi kò gbọ́ ìró kankan, kí n tètè mú un lọ rí dókítà.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, tí mo máa ń sọ pé ó ń kọ etí ikún sí mi. Ní Sunday, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn, mo ní kó lọ kúnlẹ̀.

Èmi tí mò ń bá àwọn arúgbó ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ etí láràárọ̀. Tí ìyá àgbà kan níbi iṣẹ́ kò bá gbọ́ mi, màá fi sùúrù tún un sọ. Sùúrù yẹn kì í bá mi délé.

Mo bi Tómi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Mummy, mo rò pé bí ti gbogbo èèyàn ṣe rí nìyẹn. Tí mi ò bá gbọ́, mo kàn máa ń sọ sorry, kó o má bàa bínú."

Mo sì ti sọ fún un rí pé sorry rẹ̀ ti sú mi.