Àwo Omi Níwájú Agẹmọ

Lọ́kọ́ja, Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejì, 1959

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò ní Kàbà. Akọ̀wé, aládùúgbò mi tí í so táì mọ́rùn lọ ra ẹja, ni mo ní kí ó bá mi tọ́jú agẹmọ tí mo ń sìn. Nígbà tí mo dé lónìí, ojú ẹranko náà ti jìn wọnú, ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì lè di ẹ̀ka mú mọ́.

"Okun o, Tíṣà," ni Akọ̀wé fi kí mi. "Ìgbéraga ló ń pa á. Àwo tánganran tí mo fi ń gba àlejò ni mo fi bu omi fún un, kò tilẹ̀ ṣíjú wò ó."

Òmùgọ̀ pọ́ńbélé! Ṣé àlejò ni agẹmọ ni? Ìrì orí ewé ni í lá.

Mo wọ́n omi sórí ewé gúáfà níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó lá a. Ó tún lá a.

"Ta ló kọ́ yín, Tíṣà?"

Mo ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀.

Agẹmọ tí mo kọ́kọ́ sìn ló kọ́ mi. Òǹgbẹ pa á síwájú àwo tí mo bu omi kún. Èmi náà sọ pé ìgbéraga ni.