Àga Bàbá àti Owó Orí Ilé Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́lá. Ẹ kú ìtọ́jú ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa ní Ayétòrò. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eékún mi kì í fẹ́ gbà fún mi mọ́. Ẹ bá mi kí Káyọ̀dé àbúrò wa, ẹ sì kí àwọn ará ilé ọkọ yín ní Ìmaṣàyí. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn, nítorí ojú gbogbo ẹbí ni mo ti bú yín. Èébú ojú ọjà kì í gba ẹ̀bẹ̀ kọ̀rọ̀.

Ara mi le díẹ̀. Ọyẹ́ ti mú, ètè mi ti là. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ti ibodè pa, ọ̀pọ̀ òbí tó ń ṣòwò lọ bọ̀ kò rí owó san. Ìyàwó mi kò sí mọ́, èmi nìkan ni mò ń sè, èmi nìkan ni mò ń jẹ. Àwọn aládùúgbò ń fi Ègùn àti Faransé kí mi, wọ́n ń pè mí ní Mùsé, ìyẹn ‘ọ̀gbẹ́ni’ tiwọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù láyé tó ń pè mí ní Àjàní. Láti ọjọ́ tí mo bú yín, mi ò gbọ́ orúkọ náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹbí lè mọ ẹni tó jẹ̀bi. Nígbà tí a sin Bàbá tán, àwọn àgbà fi mí jókòó sórí àga rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ọwọ́ mi ni ilé yóò wà títí ilé-ẹjọ́ yóò fi fún wa ní ìwé àṣẹ tí a ó fi pín ogún. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wáyé. Ẹ̀yin lẹ fi ilé ọkọ sílẹ̀ wá tọ́jú Bàbá títí ó fi dákẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ nu eruku orí àga náà kí n tó jókòó.

Lọ́yà wa ní Ìlaro là á yé mi pé ikú kì í dá owó orí ilé dúró. Ó ní kí ìwé àṣẹ tó jáde, ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ló ń san án. Owó tí ilé bá ń pa wọlé ni kí a kọ́kọ́ fi san án. Bí kò bá sí, tí ọmọ kan bá fi owó ara rẹ̀ san án, kí a dá a padà fún ọmọ náà kí a tó pín ohunkóhun. Ó yé mi yékéyéké.

Ilé sì ń pa owó wọlé. Oníirẹsì àti aláṣọ òkìríkà tó yá ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tó kọjú sí títì, èmi ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí, nítorí pé èmi ni dáwódù. Mo fi owó náà kan òrùlé ilé mi níhìn-ín. Mi ò yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún owó orí. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ibodè tì, ọjà wọn tán, wọ́n kó jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn yóò ti ilé pa. Ẹ pè mí, gbogbo ẹbí wà lórí fóònù. Mo ní ẹni tó ń gbé inú ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kó san án. Mo ní bí mo tilẹ̀ fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ibodè ti tì. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Àjàní, epo bẹntiróòlù ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn Tube lẹ́nu ibodè kọjá wá bá ọ, ìrẹsì ń gba ibẹ̀ kọjá wá bá wa, ṣé owó nìkan ni aṣọ́bodè rí mú? Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú di ìbínú lára mi. Mo ní kí ẹ má gbàgbé pé ilé ọkọ ni ilé yín, àlejò lẹ jẹ́ nínú ilé Bàbá. Ẹ rọra pa fóònù.

Káyọ̀dé ló wá sọ fún mi pé ẹ ti ta ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kí wọ́n má baà ti ilé pa, àti pé owó rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ̀gbọ́n mi, gaàrí yín ló rán mi lọ sílé ìwé lọ́dún tí oko Bàbá kò so. Ìwé tí ẹ fi gaàrí rà fún mi ni mo wá fi rojọ́ mọ́ yín lẹ́nu.

Mo ti ta ilẹ̀ kékeré tí mo ní lẹ́bàá ọ̀sà. Owó náà wà lọ́wọ́ Ìyá Tawa, oníṣòwò ará Tube tí ẹ mọ̀. Ọ̀nà tí ẹ sọ náà ló gbà. Kí ẹ kọ́kọ́ fi ra ẹ̀rọ yín padà. Kí ẹ fi ìyókù san owó orí tó kù. Mo sì ti sọ fún lọ́yà pé gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù tí mo jẹ, kí ó yọ ọ́ nínú ìpín tèmi.

Ní ti àga Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní obìnrin kì í jókòó síbẹ̀, kí ó ka lẹ́tà yìí: nígbà tí dáwódù sá fún ẹrù ilé, ta ló rù ú?

Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bí Ìyá Tawa bá ń padà bọ̀, ẹ kàn fi ẹnu ránṣẹ́ sí mi, kí ó sì sọ orúkọ tí ẹ fi pè mí.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ilé Bàbá kò ní tú mọ́ yín lórí. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà inú ilé, ẹ kí àwọn tó ṣì ń bèèrè mi.

Èmi ni, àbúrò tí ẹ fi gaàrí tọ́,
ọmọ yín.