Ilé-Ìwé Tó Jìnnà Ni Mo Yàn fún Ọmọ Mi

Ìyáàfin Pascoe, mo kí yín, mo kí gbogbo ará Cornwall níbí ní England tó ń gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ èmi àti ti ọmọ mi.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọmọ mi obìnrin, Tamsin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń tọ́jú èmi tí mò ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ó ti tó wọ ilé-ìwé girama báyìí. Ilé-ìwé ìjọba ìtòsí wa kì í kọ́ ọmọ tó bá ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èyí tó ní kíláàsì ọdún méjì tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì jìnnà tó wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì.

Tamsin ní, "Dádì, ti ìtòsí ni mo fẹ́. Ta ló máa gbé yín dìde tí mo bá pẹ́ dé?"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé."

"Iṣẹ́ ta wá ni?"

Mo kọ èyí tó jìnnà sínú fọ́ọ̀mù tí òbí fi ń yan ilé-ìwé láìsọ fún un. Nígbà tí lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà á, ó ní, "Ẹ lé mi nílé nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, ó ń se oúnjẹ mi, ó ń bá mi wọ bàtà, àmọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Àyè ṣì wà ní ti ìtòsí. Ẹ̀yin òbí, ṣé kí n yí i padà? Ẹ̀rù ń bà mí, torí bí mo bá yí i padà, èmi gan-an ni inú mi máa kọ́kọ́ dùn.