Ẹ Má Ṣe Ní Kí Ó Mú Àgbà Dání Mọ́

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ọláyíwọlá,
Ìgàndó, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìwòsàn Ìsinmi-Ara,
Ẹ̀gbẹ́dá, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE PE ỌMỌ MI WÁ GBA ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ

Èmi ni ìyá Olúwaṣìkẹ́mi Oyèníran, tí àwọn dókítà yín gé ẹran díẹ̀ lára kókó tó yọ sí ojú ara rẹ̀. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí kò wọ́pọ̀, àti pé àwọn yóò yẹ àwọn èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní purotéènì wò nínú ẹran náà, kí àwọn lè mọ ibi tí àìsàn náà ń forí lé. A gbà, a sì ń retí.

Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì yín pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀, àmọ́ kó mú àgbà kan dání. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ ní kí èèyàn mú àgbà dání. Bí wọ́n ṣe pè wá nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí nìyẹn.

Olúwaṣìkẹ́mi ní òun ò lọ gbọ́ ọjọ́ ikú òun lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó pa fóònù, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Dópẹ̀mú, ó ń pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀dé Adéwọlé, bẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ̀lé wa wá sí ilé ìwòsàn yín.

Dókítà Hamdalah ló jókòó tì wá. Ó ní purotéènì tí wọ́n ń pè ní p16 hàn dáadáa nínú ẹran náà, p53 kò sì bàjẹ́, àti pé ìtọ́jú sábà máa ń ran àwọn tí tiwọn bá rí báyìí lọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ. Òun ò lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n ká má fi falẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè pé, kí ni àgbà wà fún nígbà náà? Dókítà ní gbogbo èèyàn ni àwọn ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, kí ẹnìkan lè bá aláìsàn rántí àlàyé. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Mo dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo àkókò tó fi sá pamọ́ yẹn, ìtọ́jú ni ì bá ti máa gbà. Mo bẹ̀ yín, kí àwọn nọ́ọ̀sì yín máa sọ ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹnìkejì, kí wọ́n sì ní kí aláìsàn mú ẹni tó bá wù ú wá. Kí wọ́n má dárúkọ àgbà.

Ọjọ́ Ajé ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun nìkan lòun ń bọ̀, òun kì í ṣe ọmọdé. Mo ní kò burú. Bí ẹ bá rí ìyá kan tó jókòó lẹ́nu géètì yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, ìyá aláìsàn yín,

Morónkẹ́ Oyèníran (Ìyáàfin)